Ayọ̀délé Awójọbí

Ayọ̀délé Olúwatúmininú Awójọbí (12 Oṣù Kẹta 1937 – 23 Oṣù Kẹ́sàn-án 1984) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti ìwádìí ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, Yábàá. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun tí ó gbajúmọ̀ fún ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ohun líle ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń padà sípò. Láàárín àwọn ará ìlú, ọkọ̀ méjì ni a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ. Èkíní ni Opel Olympia Rekord tirẹ̀, èyí tí ó gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò ní apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Èkejì ni Autonov 1, ọkọ̀ jíìpù kan tí ó tún ṣe títí ó fi lè sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà.

Awójọbí tún jẹ́ alárìíwísí ìjọba tí ohùn rẹ̀ ròkè ní àkókò Ìjọba Olómìnira Kejì Nàìjíríà. Ó jẹ́rìí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìṣirò nínú ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ ọdún 1979, ó sì pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ nígbà púpọ̀. Ó kú ní ẹni ọdún 47.

Ìbí àti ìdílé

A bí Awójọbí ní Òṣòdì, Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, jẹ́ ọmọ ìlú Ìkòròdú, ó sì jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ní ilé-iṣẹ́ Rélùwéè Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, tí a bí sí ìdílé Adétúnjí, jẹ́ ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, iṣẹ́ òwò wẹ́wẹ́ ni ó sì ń ṣe.

Òṣòdì wà lójú ọ̀nà irin tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, èyí tí ó parí ní ọdún 1901. Ebúté-Mẹ́tta, ní apá ìlú Èkó tí kì í ṣe erékùṣù, ni ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe wà. Ní ìgbà tí Awójọbí jẹ́ ọmọdé, mọ́tò kò tíì pọ̀ nígboro, ọkọ̀ ojú irin sì ni ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ tí ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè lè máa rí lójoojúmọ́.

Ẹ̀kọ́ ní Èkó, Ìbàdàn àti Zaria

Awójọbí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, láti ọdún 1942 sí 1947. Lẹ́yìn náà ni ó wọ CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Erékùṣù Èkó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní àkókò rẹ̀, kí ó tó kó lọ sí Bàrígà ní ọdún 1959.

Ibẹ̀ ni ó ti gba ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń múra láti ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ, ni àìsàn bá ṣe ẹni tí ó yẹ kí ó kó ipa ọba náà nígbà tí ọjọ́ eré ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Awójọbí bọ́ sí ipò rẹ̀, ó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ ipa náà lórí ìtàgé láìwo ìwé. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Macbeth.

Ní ọdún 1955, ó ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì gba àmì tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó tẹ̀ síwájú lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ṣe ìdánwò onípele gíga ní ọdún 1958. Físíìsì àti ẹ̀ka ìṣirò méjì, ti àbá àti ti ìlò, ni ó ṣe, ó sì yege pẹ̀lú àmì tí ó ga jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyege yìí mú kí ìjọba àpapọ̀ fún un ní owó ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó wà ní Zaria. Ní ọdún 1962, ó gba oyè àkọ́kọ́ ti Yunifásítì London nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníkà, ní ipò kìíní. Ní ọdún yìí kan náà ni ẹ̀ka Zaria náà di Yunifásítì Ahmadu Bello.

Imperial College àti ìwádìí lórí ìgbọ̀nrìrì

Ìjọba àpapọ̀ tún fún Awójọbí ní owó ẹ̀kọ́ ní ọdún 1962 láti lọ ṣe ìwádìí ní Imperial College, tí ó jẹ́ apá kan Yunifásítì London nígbà náà. Ó parí ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1966.

Ìbéèrè tí ó ń wá ìdáhùn sí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣírò. Bí a bá gbé ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ lé orí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò le gbagidi. Ó ń tẹ̀ díẹ̀, ó sì ń padà sípò, ìgbọ̀nrìrì náà sì ń gba inú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ń kọ́ ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí ìgbọ̀n náà yóò ti le tó àti ìwọ̀n eré ẹ̀rọ tí yóò sọ ọ́ di ewu. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìpìlẹ̀ lè sán, ẹ̀rọ sì lè bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ní ọdún 1965, Awójọbí àti Peter Grootenhuis tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Royal Society ti ìlú London.

Ó tún bá Robert Gibson, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ṣiṣẹ́ pọ̀. Gibson ti ṣe àgbéyẹ̀wò ilẹ̀ tí ń le sí i bí a bá ṣe ń wa á jìn tó, èyí tí ó sún mọ́ bí ilẹ̀ gidi ti rí ju ilẹ̀ tí ó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀ lọ. Àbọ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣírò ìpìlẹ̀ ilé ṣì ń tọ́ka sí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí.

Yunifásítì London fún Awójọbí ní oyè D.Sc. ní ọdún 1974, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 37. Oyè yìí ga ju oyè ọ̀mọ̀wé lọ, àkójọ iṣẹ́ ìwádìí tí ẹnì kan ti tẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. A kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníkà ní Imperial College.

Iṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó

Awójọbí di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1966, lẹ́yìn tí ó ti parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Yunifásítì náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, nítorí ọdún 1962 ni a dá a sílẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé láti London ní ọdún 1974, a kọ́kọ́ gbé e sí ipò igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà yunifásítì gbọ́ pé ó ti gba oyè D.Sc., wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún. Òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì náà ní àkókò yẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Dead Easy, ìyẹn ohun tí kò ṣòro rárá, nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà tú ìṣirò líle sí wẹ́wẹ́ lójú pátákó. Wọ́n tún ń pè é ní Òmìrán Akọka. Ní òde yunifásítì, ó darí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọ̀dọ́ lórí amóhùnmáwòrán, èyí tí ó sọ ojú rẹ̀ di mímọ̀ fún àwọn tí kò dé Akọka rí. Ó sì ti ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìyípadà ọwọ́ ọ̀nà àti ọkọ̀ Opel

Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀. Nítorí èyí, apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ máa ń wà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá Nàìjíríà pààlà, tí àwọn Faransé ti ṣàkóso rí, ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ tí ó bá sì kọjá ẹnubodè ní láti yí ọwọ́ padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ghana náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1974.

A yí òfin padà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí ó ti wà lójú títì kò yí padà. Awakọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wá bá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó jìnnà sí àárín ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ ti imú ọkọ̀ tirẹ̀ jáde kí ó tó lè rí ohun tí ń bọ̀. Ẹni tí ó lówó lè ra ọkọ̀ tuntun. Ẹni tí kò ní gbọ́dọ̀ fara dà á.

Awójọbí yan ọ̀nà mìíràn fún Opel Olympia Rekord tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Opel ní Jámánì ni ó ṣe irú ọkọ̀ yìí láàárín ọdún 1953 sí 1957. Ó gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò ní apá ọ̀tún, ó sì fi í sí apá òsì, ọkọ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju kí a tú àgbá sítíárìn kúrò níhìn-ín kí a sì dè é sọ́hùn-ún lọ. Ọ̀pá tí ó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ní apá tí a kò pèsè sílẹ̀ fún un. Ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀, ti bíréèkì, ti jíà àti ti epo, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. A ní láti lu ihò tuntun sára irin tí ó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti àwọn tí ó jókòó, kí a sì dí ti àtijọ́. Iná iwájú náà ní ọ̀ràn tirẹ̀, nítorí a ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ sí etí ọ̀nà, kí ó má baà fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú. Bí ọwọ́ ọ̀nà bá ti yí padà, etí ọ̀nà náà ti yí padà nìyẹn. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn wọ̀nyí bá tàsé, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Autonov 1

Lẹ́yìn Opel, Awójọbí kọjú sí iṣẹ́ tí ó tóbi jù ú lọ. Ó mú ọkọ̀ jíìpù kan, irú èyí tí àwọn ológun ń lò, ó sì fi sítíárìn kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣètò rẹ̀ débi pé jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ̀ náà ti ní tẹ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì. Ó pe ọkọ̀ náà ní Autonov 1. Ó lè sá eré tí ó pọ̀ jù lọ fún un bí ó bá ń lọ síwájú, ó sì lè sá eré kan náà bí ó bá ń lọ sẹ́yìn.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí a wo bí ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù kì í yí sí ọ̀nà méjì. Ìhà kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Àpótí jíà ni ó ń yí agbára rẹ̀ padà fún lílọ sẹ́yìn, jíà kan péré ni ó sì máa ń ní fún èyí, jíà tí ó lágbára ṣùgbọ́n tí kò lè sáré. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ní jíà mẹ́rin síwájú dà bí ọkọ̀ tí kò kọjá jíà kìíní bí ó bá ń padà sẹ́yìn.

Ìṣòro kejì ni ti ẹsẹ̀ tí ń darí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ tí sítíárìn ń yí ni ó ṣáájú. Bí ó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ yìí kan náà ni ó gbẹ́yìn, àṣìṣe kékeré lọ́wọ́ awakọ̀ sì lè mú kí ọkọ̀ fì kúrò lójú ọ̀nà. Ìṣòro kẹta ni ojú àti ọrùn awakọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè yí orí sẹ́yìn kí ó sì máa sáré fún ọ̀nà jíjìn. Sítíárìn kejì ni Awójọbí fi yanjú èyí: ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ̀ kọ ojú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

Àǹfààní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Ní ojúlé tóóró, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Muṣin àti ní apá kan Yábàá, ọkọ̀ tí ó bá kan ògiri kò ní láti wá ibi tí yóò ti yí orí padà. Fún àwọn ọmọ ogun tí ọ̀tá dènà dè lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tí kò nílò àyè láti yí lè gba ẹ̀mí là. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí a ti ń lo irú ìlànà yìí: a fi ibi ìjókòó awakọ̀ sí orí àti sí ìdí rẹ̀, kí ó lè lọ kí ó sì bọ̀ láìyí padà. Ṣùgbọ́n ojú irin ni ó ń darí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí títì, ọwọ́ awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọkọ̀ àtòpọ̀, láti orí eré ìdárayá dé ilé-iṣẹ́

Ẹni tí ó bá ń ra mọ́tò kékeré oní-rédíò láti fi ṣe eré ìdárayá yóò tètè lóye ohun tí ó mú Autonov 1 ṣàrà ọ̀tọ̀. Nikola Tesla ni ó kọ́kọ́ fi han gbogbo ènìyàn, ní New York ní ọdún 1898, pé a lè fi ìgbì rédíò darí ọkọ̀ láti òkèèrè. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni ó fi ṣe é. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Tamiya ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò oní-rédíò rẹ̀ àkọ́kọ́, àwòrán Porsche 934. Inú páálí ni ẹ̀yà rẹ̀ máa ń wà, ẹni tí ó rà á ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀.

Irú mọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀ ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Bí a bá yí ìhà tí iná ń gbà wọ inú mọ́tò rẹ̀ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yí sẹ́yìn, kò sì sí àpótí jíà tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí agbára padà fún un. Ohun tí ó wá rọrùn fún ohun ìṣeré yìí ni ó ṣòro fún ọkọ̀ onípẹtiróòlù tí ènìyàn ń wọ̀, ohun náà sì ni Awójọbí mú ọkọ̀ ńlá ṣe.

Ìbéèrè nípa títo ẹ̀yà pọ̀ kan orílẹ̀-èdè lápapọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀yà ọkọ̀ ń wọlé nínú àpótí láti òkè òkun, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sì ń tò wọ́n pọ̀. Ó pèsè iṣẹ́, ọkọ̀ Peugeot sì gba gbogbo ìlú kan. Síbẹ̀, ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń ya àwòrán ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pinnu bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò ti rí. Ẹni tí ó to ohun tí ó wà nínú àpótí pọ̀ bí ìwé ìlànà ti wí ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ bí a ṣe ń dá ọkọ̀ sílẹ̀.

Ìhà kejì ni iṣẹ́ Awójọbí kọ ojú sí. Ó mú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti parí, ó kà á sí ohun tí a kò tíì parí, ó sì yí ìpinnu tí ẹni tí ó ṣe é ti ṣe padà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó gba Autonov 1 láti máa ṣe é fún títà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó jẹ́, nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ sì fi hàn pé ẹni tí ó ṣe é kò ní i lọ́kàn kí ó mọ síbẹ̀.

Ẹjọ́ ìdìbò ọdún 1979 àti ìṣèlú

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ. Òfin béèrè pé kí ẹni tí yóò wọlé ní ìbò tí ó pọ̀ jù lọ, kí ó sì ní ó kéré tán ìdá mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà. Shehu Shagari ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 12 péré ni ó ti ní ìdá mẹ́rin. Ní Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, kò dé ìwọ̀n náà. Àjọ FEDECO tí ó darí ìdìbò sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, àti pé ohun tí Shagari ní ní Kano tó fún ìdá tí ó kù. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ṣe ipò kejì, pe ẹjọ́. Ẹ̀ka tirẹ̀ sọ pé a kò lè gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àti pé 13 ni iye tí òfin ń béèrè.

Awójọbí jẹ́rìí fún Awólọ́wọ̀ nínú ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ìṣirò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹ́sàn-án ọdún 1979, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Àtàǹdá Fátàì-Williams, dá Shagari láre. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀sọ́ kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Shagari gun orí àlééfà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá.

Láti ìgbà náà ni Awójọbí ti fi apá púpọ̀ nínú àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìlú. Ó ń lọ láti yunifásítì kan sí èkejì láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó ń kọ̀wé nípa ibi tí owó epo rọ̀bì orílẹ̀-èdè ń gbà lọ, ó sì ń pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ kò dá a láre nínú àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò mú un dákẹ́. Ìjọba Shagari dópin nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983.

Ikú àti ìrántí

Awójọbí kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹ́sàn-án ọdún 1984. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó ti fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lákòókò ìṣèjọba Babátúndé Fáṣọlá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní ráńdábáòtù Onike ní Yábàá, kò sì jìnnà sí yunifásítì tí ó ti ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí Akọka àti àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀ láti Sùúrùlérè àti Muṣin ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Apá òsì ni sítíárìn gbogbo ọkọ̀ wọn wà, wọ́n sì ń fi jíà kan ṣoṣo padà sẹ́yìn.

Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀ wà láàyè nínú ìṣirò ìpìlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ń gbọ̀n. Nínú ìtàn ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ẹ̀rí pé a lè tú ọkọ̀ tí a rà palẹ̀ ní Akọka, kí a sì tò ó padà sí ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é kò ronú kàn.